Abọ́ Noe

Abọ́ igi méjì ló wà nílé mi tí mi ò lè fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ ní pálọ̀, a kì í fi oúnjẹ kàn án. Èkejì wà ní kíṣìnnì, àlùbọ́sà ni mò ń kó sínú rẹ̀. Bí àlejò bá yọjú sí kíṣìnnì, tó rí bí ti ibẹ̀ ṣe ń dán, á ní, "Àǹtí Mileka, kí ló dé tí ẹ ò gbé eléyìí sórí pẹpẹ, kí ẹ gbé alábùlẹ̀ yẹn wá síbí?" Mo máa ń sọ fún un pé kó jókòó kó jẹun. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mo máa ń rojọ́ fún.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù Noe ni mo ti kọ́kọ́ rí abọ́ àlùbọ́sà yìí. Noe ni àbíkẹ́yìn wa, ọmọbìnrin ni. Nígbà yẹn, ìgbéyàwó rẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn. Iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe ní Waimea, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wá bá wa ní Keaukaha, létí òkun Hilo, ní erékùṣù wa níbí. Òjò Hilo kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ, aṣọ tó bá pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù á hu èbu, ni mo bá ní kí n kó àwọn aṣọ rẹ̀ síta kí wọ́n gba atẹ́gùn. Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ abẹ́ àwọn bàtà rẹ̀, mo kan nǹkan kan tí wọ́n fi táwẹ̀lì wé. Mo tú u. Abọ́ igi ni, ó ń dán bí orí pípá ọkọ mi. Mo yí ìdí rẹ̀ sókè. Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn, ẹnì kan sì ti fi èékánná họ ọ́, ṣùgbọ́n kò họ tán. Mo ṣì rí i kà níbẹ̀ pé Filipíìnì ni wọ́n ti ṣe é. Irú èyí tí wọ́n ń tà létíkun ni, fún àwọn tó ń bọ́ látinú ọkọ̀ ojú omi ńlá wá yàwòrán.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà. Mo mọ ohun tó fẹ́ fi abọ́ yẹn ṣe, àfi bíi pé ó sọ ọ́ fún mi.

Nílé tiwa, bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, bàbá rẹ̀ á gbẹ́ abọ́ kan fún un lára igi tirẹ̀. Igi tirẹ̀ ni èyí tí a gbìn sórí ibi ọmọ náà lọ́jọ́ tí a bí i. Makaio, àkọ́bí wa, ní igi milo lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Iwalani, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ní igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Agbẹ́gi ni Iokepa, bàbá wọn. Òun ló gbé igi sórí ẹ̀rọ, tó yí i, tó fi irin fá a títí tó fi di abọ́, fún àwọn méjèèjì. Abọ́ wíwò ni, kì í ṣe abọ́ ọbẹ̀. Orí pẹpẹ ló ń gbé. Ọjọ́ tí ọmọ kan bá ń ṣe ìgbéyàwó nìkan la máa ń kó gbogbo wọn jáde, a ó tò wọ́n sórí tábìlì níwájú àwọn àgbà, kí ẹni tó bá wá lè fi ojú rẹ̀ ka àwọn ọmọ ilé wa.

Noe ò ní igi. Hoku, ọmọ àbúrò bàbá Iokepa, ló bí i ní ọsibítù kan ní Honolulu. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni nígbà tí Hoku gbé e wá, ó ní òun ò lè dá a tọ́, kí àwa gbà á, ó sì gba Las Vegas lọ. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bá gbé lé ọ lọ́wọ́ ti di tìrẹ, kò sí pé bóyá. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ náà ti bá ìdọ̀tí ọsibítù lọ kó tó kan ilẹ̀ wa. Kò sí ohun tí a ó gbin igi lé lórí.

Mo sọ fún Iokepa nígbà náà pé kó ṣáà gbin igi kan fún ọmọ yìí. Ó ní kò pọn dandan. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo tún sọ ọ́. Ó ní, "Mileka, mo ní kò pọn dandan." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Iokepa tó máa ń gbé Noe kọ́rùn lọ pẹja, tó máa ń bá a yọ egungun inú ẹja kó tó fi sí i lẹ́nu, òun ló wá ń fi igi lásán ṣe ahun. Mo gbé e mì, ṣùgbọ́n kò dà nínú mi.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì ju ẹni tó ń lọ sí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Ó ní, "Màmá, èwo ni igi tèmi?" Kí n tó la ẹnu, Makaio ti fèsì. Ó ní, "Òpó tí Màmá ń sá aṣọ sí. Tìrẹ nìyẹn, kì í tilẹ̀ wọ́ ewé." Orógùn ni mo gbé lé e, mo lé e yí ilé ká. Noe rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Kò sì béèrè mọ́ láé. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bó bá ń ṣeré nínú àgbàlá, tí Makaio lọ gun milo rẹ̀, tí Iwalani lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò rẹ̀, ìdí òpó aṣọ lòun máa ń lọ dúró sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ohun tó fẹ́ fi abọ́ ọjà ṣe. Ó fẹ́ gbé e sórí tábìlì lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bi èmi àti bàbá rẹ̀ pé abọ́ ti àbíkẹ́yìn yín dà. Ó lọ fi owó ara rẹ̀ ra ohun tí yóò fi bo ìtìjú wa.

Mo gbé abọ́ náà, ó di ọ̀dọ̀ Iokepa níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Igi wà lórí ẹ̀rọ, ó ń yí wìì, èérún igi bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Kò gbọ́ ohùn mi. Mo fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ.

"Obìnrin yìí," ó ní, "ṣé o fẹ́ kí igi fò bà mí lójú ni?"

"Kó bà ọ́ níbi tó bá wù ú. Gba èyí."

Ó gbà á. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ etí rẹ̀ yí po bó ṣe máa ń ṣe sí abọ́ yòówù. "Ó ti nípọn jù," ó ní. "Fáńíìṣì yìí náà ti pọ̀. Ta ló ni ín?"

"Mi ò ní kí o máa ṣe ìdájọ́ abọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù Noe ni mo ti rí i."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yí ìdí abọ́ náà sókè, ó rí ìwé tí wọ́n họ. Ó ń wò ó, ó ń wò ó. "Ó fi èékánná họ ọ́," ó ní. Ó wá jókòó sórí àpótí. Imú Iokepa ló máa ń kọ́kọ́ sunkún, ojú rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn.

Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí n bá a sunkún. Mo ní, "Gé ẹ̀ka kan lára máńgòrò Iwalani, kí o fi gbẹ́ ẹ fún un. Ta ló máa mọ̀?"

"Noe á mọ̀. Aṣọ àyálò nìyẹn."

"Kí wá ni ká ṣe? Ká máa wo ọmọ yìí kó gbé abọ́ ọjà síwájú àwọn àna rẹ̀ ará Waimea?"

"Fún mi láyè, Mileka."

Ó jáde sínú òjò, ó lọ dúró sábẹ́ igi kou rẹ̀.

Igi kou yẹn wà níwájú ilé, ní ọ̀nà òkun. Ìyá Iokepa ló gbìn ín sórí ibi Iokepa lọ́jọ́ tó bí i. Igi náà àti ọkọ mi, bákan náà ni wọ́n ṣe ń gbé ayé. Ọdún tí àyà dùn ún tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù, igi náà wọ́wé títí tó fi ku ọ̀pá. Ẹ lè ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Èmi ò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mileka, má jẹ́ kí wọ́n fi irin kan igi ọmọ mi." Mo ní mo gbọ́.

Ẹ wá bá mi rò ó, ohun tó ṣe mí nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo ṣí ilẹ̀kùn, tí mo rí àkàbà lára kou, tí Iokepa ti dé ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sáré jáde láìwọ bàtà.

"Sọ̀ kalẹ̀."

"Mileka, padà sínú ilé."

"Mo ní kí o sọ̀ kalẹ̀. Níbo lo fẹ́ gé?"

Ó nawọ́ sí ìpẹ̀ka, ibi tí igi náà ti la ara rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa igi mọ̀ pé tí o bá gé ibẹ̀, ìdajì igi lo gbé lọ.

"O ti ya wèrè," ni mo wí. "Ẹ̀ka kékeré pọ̀ lórí rẹ̀, o ò rí wọn. Ìdí ọkàn rẹ̀ lo fẹ́ lọ gé. Igi náà máa kú. Tí igi náà bá kú, Iokepa..." Mi ò lè parí ẹ̀. Mo di àkàbà náà mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín bí ẹni tó fẹ́ gbọn èso. Ó sọ̀ kalẹ̀, torí kò fẹ́ já lulẹ̀.

Ó gbé ayùn sílẹ̀. Ó wò yíká bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Ó wá ní kí n gun àkàbà náà, kí n ki ọwọ́ bọ inú ìpẹ̀ka. Mo gùn ún tìbínú-tìbínú. Mo bá kókó kan níbẹ̀, èèpo igi ti padé lórí rẹ̀ bí ẹnu tó pa dé.

Láti ìsàlẹ̀ ló ti bi mí. Ó ní, "Nígbà tí ìwọ́ Noe já, ta ló gbé e fún mi?"

"Èmi náà ni. Mo fi áńkáṣíìfù wé e."

"Níbo ni mo gbé e lọ?"

"Èmi kọ́ lo máa bi. A kì í béèrè."

Òótọ́ ni, a kì í béèrè. Bí ìwọ́ ọmọ bá já, ẹnì kan nínú ilé ló máa gbé e lọ pamọ́, kò sì gbọdọ̀ sọ ibẹ̀ fún ẹ̀dá kankan. Tí eku bá rí i gbé, ọmọ náà á di olè. Lọ́jọ́ tí ìwọ́ Noe já, mo gbé e fún Iokepa, ó jáde, ó padà wọlé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ọkàn mi lọ sí àárín àwọn òkúta etíkun, níbi tí bàbá tirẹ̀ máa ń kó ti àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Mi ò tún rò ó mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Ihò kékeré kan wà níbi tí ọwọ́ rẹ wà yẹn nígbà náà," ó ní. "Ibẹ̀ ni mo fi í sí. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ dí i. Igi fúnra rẹ̀ ló pa á dé. Ta ló sọ fún yín pé ọmọ yẹn ò ní igi? Mo ti fún un ní tèmi láti ọjọ́ yẹn."

Mo dúró lórí àkàbà, ọwọ́ mi ṣì wà nínú ìpẹ̀ka. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bá a bínú lọ́kàn kọjá lójú mi.

"O ń wò mí, mò ń bínú," ni mo ní. "O ń wo ọmọ náà, ó ń dúró sí ìdí òpó aṣọ. O kàn dákẹ́."

"Ìyá mi ní ẹni tó bá sọ ọ́, eku ń gbọ́."

"Òpònú ni ẹ́, Iokepa."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò gé e láti ọjọ́ yìí?"

Ó fi ọwọ́ nu imú rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní. "Ohun tí o fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan tí o ò parí, èmi náà ń rò ó. Ṣùgbọ́n mo rí ibi tó ti fi èékánná họ ìwé yẹn."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí ju bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ jáde lọ, mo sì ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀. Mo ronú nípa ìyá rẹ̀. Mo ronú nípa ọmọ tó ń họ ìwé lẹ́yìn abọ́ nínú yàrá, kí a má baà gbọ́. Mo wá sọ fún Iokepa pé orí àkàbà kì í ṣe ibi tí arúgbó bíi tirẹ̀ ń lọ, kó pe Makaio kó wá gé e. Èmi ni mo di àkàbà mú.

Makaio ò fẹ́ gé e. Ó dúró lókè, ó ní, "Papa, igi yín nìyí o."

"Ṣé mo ní kí o wá fi igi mi hàn mí ni? Gé e."

Ó gé e. Nígbà tí ẹ̀ka ńlá náà wó, mo wo ojú ọkọ mi, mi ò wo igi. Ó di àyà rẹ̀ mú díẹ̀, ó wá ní, "Ó ti tán. Ẹ bá mi yí i wọlé."

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, Noe dé. Kò tíì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ tó fi rí kou. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ojú ibi tí a gé. "Papa, kí ló ṣe igi yín?"

"Ikán," ni Iokepa wí. Ọkùnrin yẹn ò mọ irọ́ pa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

Noe gbá igi náà mọ́ra, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Nígbà tó máa fi wọlé wá bá mi ní kíṣìnnì, ojú rẹ̀ ti wú. Mò ń ha ìpẹ́ ẹja. Ó ní, "Màmá, ṣé ara Papa yá?"

"Ara rẹ̀ yá. Ó jẹ àwo poi méjì láàárọ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má da ara wọn láàmú nítorí abọ́ ìgbéyàwó. Mo ti wá nǹkan ṣe sí i. Nǹkan àtijọ́ ni gbogbo ìyẹn náà."

"Kí lo wá ṣe sí i?"

"Ẹ má ṣèyọnu."

Mo tẹ orí mọ́ ẹja náà. Ìpẹ́ rẹ̀ ti tán lára rẹ̀ tipẹ́, èmi ṣì ń ha á. Iokepa ti mú mi búra pé òun ni yóò sọ fún un, lọ́jọ́ tí abọ́ bá pé. Tí kì í bá ṣe ìyẹn ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti jábọ́ lẹ́nu mi sínú ìpẹ́ ẹja.

Tútù ni wọ́n ti ń gbẹ́ igi kou. Iokepa gbé ìpẹ̀ka náà sórí ẹ̀rọ, ó fá a ní àfá kìíní, ó jẹ́ kó nípọn dáadáa. Bó ṣe ń jẹ inú rẹ̀ lọ, àwọn ìlà igi ń jáde, pupa àti dúdú, wọ́n pàdé láàárín bí omi odò méjì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ohun dúdú kan yọ, kò tóbi ju ojú ẹja lọ. Ó pa ẹ̀rọ. Ó pè mí. A jọ ń wò ó. Òkúta wẹ́wẹ́ náà ti bọ́ sọnù, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di igi.

Ó wá fi bébà wé abọ́ náà, ó kó ẹja mi kúrò nísàlẹ̀ fíríìjì, ó gbé e síbẹ̀ kó máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Mo pariwo nítorí ẹja mi, torí kó má baà rò pé ara mi ò yá. Láràárọ̀ ló ń ṣí i wò, bí ìyá ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ kan ó ṣí i, kò sì tì í padà. Mo bá a níwájú fíríìjì tó ṣí sílẹ̀, otútù ń bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Abọ́ náà ti là. Láti ibi ojú dúdú yẹn gan-an ló ti là, ó sì lọ títí dé etí.

"Kò gbà fún mi," ó ní. "Mo sọ ibẹ̀ jáde, kò sì gbà fún mi."

"Ta ni kò gbà?"

"Igi. Ìyá mi. Mi ò mọ̀."

Mo ti fíríìjì. "Iokepa, ìpẹ̀ka igi lo gbẹ́. Ìwọ lo sọ fún mi láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́ pé ìpẹ̀ka máa ń là. Ṣé ìyá rẹ ló wá ń la gbogbo èyí tó ti là tẹ́lẹ̀? Àbí o ti gbàgbé abẹ́rẹ́ rẹ?"

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ní tòótọ́. Níbí, tí abọ́ tó níyì bá là, a kì í jù ú nù. A máa ń gé ègé igi bíi labalábá, tó fẹ̀ lápá méjèèjì, tó sì tín-ínrín láàárín. A ó gbẹ́ ojú ihò rẹ̀ sórí ibi tó là, a ó kàn án bọ̀ ọ́, á di ẹ̀gbẹ́ kìíní mú mọ́ èkejì. Pewa lorúkọ rẹ̀. Abọ́ tó bá ní pewa, òun làwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, torí ó hàn pé ẹnì kan ò fẹ́ kó lọ. Iokepa mọ gbogbo èyí jù mí lọ. Ó kàn ń fẹ́ kí ẹnì kan wí i fún un ni.

Ó nílò igi tó gbẹ dáadáa. Ó ránṣẹ́ sí Makaio pé kó wá ègé milo wá, lára èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n gbẹ́ tirẹ̀. Ẹnu Makaio kì í dúró. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Iwalani dé láti Kona pẹ̀lú ègé igi máńgòrò ní abíyá, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ẹ ń rán abọ́ àbúrò mi. Ẹ ò sì pè mí." Labalábá kan lára milo, ọ̀kan lára máńgòrò. Ẹ̀ka kou gbígbẹ tó ti já fúnra rẹ̀ ni Iokepa fi ṣe ẹ̀kẹta, ó sì kàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú dúdú yẹn, kò jẹ́ kó bò ó mọ́lẹ̀.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ìgbéyàwó náà, bó ṣe yẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ ti ń jinná lórí òkúta gbígbóná nínú ilẹ̀ láti àná, èéfín rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. A ti na tapólì, a ti gbé tábìlì àwọn àgbà sábẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará Waimea ò tíì dé. Noe yọ jáde nínú ilé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, kò tíì ya irun, ó há nǹkan tí wọ́n fi táwẹ̀lì wé sábẹ́ apá. Ó fẹ́ gbé e síbẹ̀ kí a tó rí i. Ó bá gbogbo wa níbẹ̀.

Abọ́ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì. Ó wò wọ́n. "Ta ló ni ìkẹta?" ó ní.

"Wo ìdí rẹ̀," ni Iokepa wí.

Ó fi ọwọ́ kan yí i sókè, torí ọwọ́ kejì ṣì di táwẹ̀lì mú. Iokepa ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ bó ṣe gbẹ́ ẹ síbi ti àwọn yòókù, orúkọ ọmọ àti orúkọ igi: Noe, kou. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Kou kan ṣoṣo ló wà nílé yìí," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Papa, ẹ ní ikán ni."

"Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

"Ẹ ò bá má ṣe é. Igi yín ni. Òpó aṣọ wà níbẹ̀ yẹn, ẹ ò bá..." Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà, ohùn rẹ̀ sì já níbẹ̀.

Iokepa gba ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ìka rẹ̀ lé ojú dúdú tó wà nísàlẹ̀ abọ́ náà. Ó wá tẹ ẹnu mọ́ ọn létí. Nítorí eku ló ṣe sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kódà lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ojú ọmọ náà bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ tó fi di táwẹ̀lì mú rọ̀ wálẹ̀, ó lọ bá ìdodo rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ìgbà tó já. O ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé yìí."

"Nígbà tí mo ń dúró sí ìdí òpó."

"Ẹ̀yìn lo máa ń kọ sí i," ni Iokepa wí. "Ojoojúmọ́ ló ń ṣe mí bíi kí n yí ọ padà."

Noe jókòó sórí ilẹ̀ tútù pẹ̀lú aṣọ funfun, ó gbé abọ́ lé itan, ó sunkún bí ọmọ kékeré. Iokepa jókòó tì í. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Aṣọ ìgbéyàwó nìyẹn o," ni Makaio wí, òun náà ò sì mọ ibi tó máa kọjú sí.

Noe gbé ojú sókè. "Makaio, ìwọ lo ni òpó aṣọ báyìí. Máa wá fún un lómi."

Ìgbà tó fẹ́ dìde ló rántí táwẹ̀lì. Ó fẹ́ fi ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ bò ó. Mo na ọwọ́ sí i. "Gbé e wá, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀," ni mo wí.

"Màmá, mi ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi yín léèrè ni."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Mo gbé e lọ sí kíṣìnnì, mo kó àlùbọ́sà sínú rẹ̀ kí àwọn àlejò tó dé. Mi ò lè jù ú nù. Ọmọ tó fẹ́ràn wa tó bẹ́ẹ̀ ló rà á.

Iokepa ò kú. Kou náà ò kú. Ojú ibi tí a gé ti rú, ó rú yọ̀yọ̀ tó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń pariwo báyìí pé kí wọ́n wá rẹ́ ẹ, kò jẹ́ kí n rí òkun mọ́. Bí Noe bá ti Waimea dé, ìdí igi náà ló ń kọ́kọ́ lọ kó tó wá kí mi, mo sì máa ń sọ̀rọ̀ sí i nítorí ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ó bímọ. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, òun àti ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ wá sílé. Ó mú áńkáṣíìfù kékeré kan tí wọ́n ká jáde nínú báàgì, ó fi lé Iokepa lọ́wọ́. Iokepa jáde. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó padà wọlé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Mi ò béèrè ibi tó lọ. Àlùbọ́sà ni mò ń bó, kò sì sẹ́ni tó bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́kún.